Ohun Tí Awọ Ń Jẹ

Bámitálẹ́, gbé ike yẹn sílẹ̀ ná.
Kì í ṣe gbogbo ohun tó ń dán ló ń dáàbò boni.

Wá sábẹ́ máńgòrò níbí, ní Ajílosùn,
kí oòrùn tó yọjú lẹ́yìn òkè Ayọba.
A kì í para fún mọ́tò tí ara rẹ̀ gbóná:
ìda tó bá pàdé irin gbígbóná
á gbẹ mọ́ ọn bí ẹ̀kọ tó jó mọ́ ìdí ìkòkò,
títí alẹ́ ni wàá fi máa ha á.

Fi ẹ̀yìn ọwọ́ ra bónẹ́ẹ̀tì.
Ó ń ha ọ́ bí ewé eépín, àbí?
Eruku ọ̀nà Ìjẹ̀rò ló wọnú ọ̀dà lọ,
pẹ̀lú oje máńgòrò àti ìmí ẹ̀gà.
Amọ̀ búlúù yìí la fi ń fà wọ́n jáde.
Ẹni tó wọ sányán lé ẹ̀yi lórí,
yíyún ni yóò máa yún un láàárín èrò.

Ó yá, wo àwọn agolo orí bẹ́ǹṣì.
Èyí, ara ewé ọ̀pẹ kan ní Bùràsíìlì ni wọ́n ti ha á.
Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́, ẹ̀rín pa mí:
àwa tí ọ̀pẹ kún ẹ̀yìnkùlé wa,
à ń fowó gidi ra ọ̀pẹ ẹlòmíràn!
Ṣùgbọ́n ó mọ iṣẹ́. Pupa á pọ́n bí ojú ẹyìn,
dúdú á dú kọjá bí o ṣe mọ̀ ọ́n.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré, òjò Èkìtì á ti gbà á lọ.

Èkejì, sílántì, ọmọ ilé-ẹ̀rọ.
Dídán rẹ̀ tutù bí fèrèsé báńkì,
kò sẹ́ni tó ń yìn ín lójú ọ̀nà.
Ọyẹ́ á dé, á bá a níbẹ̀.
Àkọ́rọ̀ òjò á dé, á tún bá a níbẹ̀.
Òun la ń kọ́kọ́ fi pa á. Tó bá sun mọ́jú,
o lè da ìda ọ̀pẹ bò ó bí ìborùn.
Bí o bá yí i padà, sílántì ò ní ríbi dì mú,
yíyọ̀ ni yóò máa yọ̀ lórí ọ̀rá.

Ẹ̀kẹta?
Ẹni tó tà á fún mi ní ó ń ṣe gbogbo nǹkan.
Ara jẹnẹrétọ̀ ni mò ń fi í pa.

Ṣílẹ̀kùn wàyí. Wọlé, má jókòó.

Mẹ̀sí Tíṣà Fámúrewà nìyí, ọdún kẹtàdínlọ́gbọ̀n.
Awọ rẹ̀ ti sán bí gìgísẹ̀ àgbẹ̀ nígbà ọyẹ́.
Ike tí o gbé yẹn, orí ló ń dúró sí,
á máa kọ mànà, á máa fa eruku,
ebi á sì máa pa awọ kú lábẹ́ rẹ̀.
Mo mọ̀ pé ìyá rẹ á ní òrí ló dára.
Fún ẹsẹ̀ ọmọ jòjòló, bẹ́ẹ̀ ni.
Awọ yìí ní tirẹ̀: ọṣẹ awọ, búrọ́ọ̀ṣì ẹlẹ́lẹ̀,
lẹ́yìn náà ìpara funfun yìí, kí ìka rẹ kọ́kọ́ mú un lọ́wọ́ọ́wọ́.

Mo ní lẹ́ẹ̀dì kan tí à ń fi dí sísán,
tí à ń kùn, tí ìjókòó á tún le bí ti ṣọ́ọ̀bù.
Mo ti ṣí i lánàá.
Nọ́ọ̀sì Ìbíyẹmí na ọwọ́ sí kòtò kékeré yẹn,
lápá ibi tí ọkọ rẹ̀ ń fara tì tó bá fẹ́ yí jíà.
Ó ní, “Ẹ má sọ ọ́ di tuntun fún mi.”
Ó lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó ń ka owó tí kò pọ̀.

Mo dé e padà.

Díẹ̀díẹ̀, Bámitálẹ́.
Tó o bá dé inú kòtò yẹn, rọra.
Mo mọ̀ pé kò sẹ́nì kankan níbẹ̀.
Rọra ṣáá.