Ojú Irin, Ojú Bàbá Mi

Ojú irin méjì kì í pàdé.
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni bàbá mi fi ṣọ́ wọn
ní sítéṣọ̀n Òṣogbo,
àtùpà pupa lọ́tùn-ún, aláwọ̀ ewé lósì,
kò sì sọ fún ẹnì kan
pé àtùpà a máa hu irùngbọ̀n lójú òun,
pé oṣù tó bá yọ lókè Dúgbẹ̀
a máa fa ìkejì rẹ̀ lọ́wọ́ bí ọmọ tó ń tòògbé.

Lánàá mo mú un lọ sí Asúbíaró.
Dókítà Ọ̀ṣúnníyì fi ìlà hàn án, tó tàn ká bí abẹ̀bẹ̀.
"Èwo ló dúdú jù, Bàbá?"
"Àwọn tó nàró. Àwọn tó dùbúlẹ̀ ti ṣá."
Ọmọbìnrin náà ní
ìmọ́lẹ̀ tó bá wọlé, ojú kan ló yẹ kó ti pàdé;
ti Bàbá, apá kan ń dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀,
apá kan ti kọjá ìyẹ̀wù,
torí iwájú ẹyinjú wọn ò rí roboto bí ọsàn,
ó gùn sápá kan bí ẹyin.

Inú bí bàbá mi díẹ̀.
"Kí wọ́n tó bí ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́,
ṣebí ẹyin ojú la ti ń pè é?
Ta ló ní kó di ọsàn?"

Lálẹ́, iná ti lọ ní gbogbo àdúgbò,
ó fi awò tuntun sójú, ó gbójú sókè.
Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀.
"Ìràwọ̀ dà?"
"Àwọn ló kún ọ̀run yẹn, Bàbá."
"Èyí tó rí bí iyọ̀ tó dà sórí aṣọ aró?
Nígbà tí mo kọ́ ọ láti ya ìràwọ̀,
ẹnu márùn-ún ni mo fi sí i.
Ṣé irọ́ ni mo pa fún ọ?"

Dókítà ti sọ fún mi lẹ́nu ọ̀nà
pé ojú tó dá ṣáṣá pàápàá lójú-rírán
nínú dígí àbínibí rẹ̀, bíńtín bíńtín,
òun ló ń rán ẹ̀gún mọ́ ìràwọ̀ lára
fún gbogbo ọmọ aráyé.
Mo fẹ́ wí i. N kò wí i.
Ó ti bọ́ awò, ó ti kì í bọ àpò kóòtù rélùwéè,
ó ń rẹ́rìn-ín sí àwọn onírùngbọ̀n rẹ̀.

Àárọ̀ ló tó tún un fi sójú.
Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó wò mí.
"Sínátù," ó ní,
"ìgbà wo lo bẹ̀rẹ̀ sí í hewú?"