Èso Mẹ́rin Lára Okùn

Ìgbà ìwọ́wé ni, ní erékùṣù Ṣikoku.
Wọ́n ti gé ìrẹsì tán. Ìdí rẹ̀ nìkan ló kù lóko,
ó le kankan bí irùngbọ̀n tí a fá lánàá.
Iwao ń bọ̀: aṣọ funfun, fìlà koríko, ọ̀pá lọ́wọ́.
Ó ti tẹrí ba ní tẹ́ńpìlì méjìlá,
mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ló kù.
Wọ́n kọ ọ́ sára fìlà náà pé: àwa méjì la jọ ń rìn.
Ẹni mímọ́ ni ẹnì kejì, bí àwọn àgbà ibẹ̀ ṣe wí.
Iwao kò bá ẹni mímọ́ sọ nǹkan kan.
Orúnkún rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀.

Ìyá Ṣigeno jókòó sábẹ́ igi kakí
(kì í ṣe kákì tí ṣọ́jà ń wọ̀ o;
èso ni, ó pọ́n bí oòrùn ìrọ̀lẹ́,
ó ń tan èèyàn jẹ bí ẹ̀rín onígbèsè).
"Onírìn-àjò, má kọjá. Gba tèmi."
A kì í kọ ẹ̀bùn lójú ọ̀nà yẹn.
Iwao gbà á, ó gé e jẹ kó tó dúpẹ́.
Ahọ́n rẹ̀ súnkì, ètè rẹ̀ lẹ̀ mọ́ eyín.
Ìyá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀:
"Ta ló ní kí o jẹ ẹ́?"
Ó mú ọ̀bẹ, ó bó mẹ́rin, ó so wọ́n mọ́ okùn,
ó fi wọ́n kọ́ ẹ̀yìn àpò rẹ̀.
"Afẹ́fẹ́ ni yóò sè é. Máa tẹ̀ ẹ́ lálaalẹ́
bí ẹni ń ra ẹsẹ̀ ọmọ jòjòló.
Kó o tó dé tẹ́ńpìlì ìkẹyìn,
á ti gbàgbé ìkanra rẹ̀."

Ó rìn. Òkun ń bú ramúramù lápá òsì.
Òjò ká a mọ́ Muroto; ó fi èso sábẹ́ ẹ̀wù,
òun fúnra rẹ̀ rin gbindin-gbindin.
Ọ̀kan jábọ́ sódò. Agbọ́n jẹ ìkejì kù èèpo.
Ọ̀bọ kan jí ìkẹta gbé lójú rẹ̀ kòrókòró,
ó tọ́ ọ wò, ó tu ú dà nù,
ó wá ń wo Iwao bí ẹni pé òun ló ṣẹ̀ ẹ́.
Lálaalẹ́, lábẹ́ òrùlé àwọn tí kò mọ̀ rí,
ó ń tẹ ẹyọ kan tó kù.

Tomezo ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ààlà oko ló dá ìjà sílẹ̀,
ilẹ̀ tí kò fẹ̀ ju ẹní méjì lọ.
Ọdún mọ́kànlá. Ògiri kan ṣoṣo ló la ilé wọn,
Iwao máa ń gbọ́ ikọ́ rẹ̀.
Lóṣù kẹfà, kò gbọ́ ikọ́ mọ́.

Tẹ́ńpìlì kejìdínláàádọ́rùn-ún.
Ewé pupa ń já bọ́ sórí àtẹ̀gùn,
àwọn èèyàn ń fi ọ̀pá wọn sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ń sunkún díẹ̀.
Iwao tú okùn. Èso náà ti dúdú, ó ti hunjọ,
ìyẹ̀fun funfun bò ó
bí ara ọmọ tí wọn ò fi òróró pa nígbà ọyẹ́.
Ó fà á ya sí méjì. Ó jẹ ìdajì.
Ó dùn.
Ó wo ìdajì kejì. Ó bọ́ fìlà, ó wo ara rẹ̀.
Bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí ìsàlẹ̀ òkè fun fèrè,
ó tún fun ún.
Ìdajì náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.