Àbọ̀ Ọ̀rọ̀

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà, ní Ìjẹ̀rú, ní Ògbómọ̀ṣọ́.
Èmi ni ẹnu Àrìnpé, àbúrò bàbá mi,
tí ibà ti pa etí rẹ̀ dé kó tó mọ orúkọ ara rẹ̀.
Ohun tí ayé bá wí, n ó fọwọ́ wí i fún un.
Ohun tó bá fọwọ́ wí, n ó fẹnu wí i fáyé.
Ó fẹ́ ṣe ìrìbọmi. Òun ló gbé wa dé iwájú àwọn díákónì,
lórí bẹ́ǹṣì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú.

Díákónì Ajàdí ṣí ìwé, ó mi bírò:
"Bi í léèrè. Ṣé ó gbàgbọ́?"

Mo gbé ọwọ́ sókè,
ọwọ́ mi dúró lófurufú bí ọwọ́ olè tí wọ́n ká mọ́.
Mo la ọ̀rọ̀ náà sí méjì, bí ẹni ń pa kóró kajú:
Gbà. Mo na àtẹ́lẹwọ́, mo fà á mọ́ àyà.
Gbọ́. Mo fọwọ́ kan etí.
Àrìnpé wo etí mi. Ó fọwọ́ kan tirẹ̀.
Ó rẹ́rìn-ín, ó mirí: rárá.

Bírò ti sáré kọjá lórí ìwé.
"Ẹni tí ò gbọ́," Ajàdí ní, "kí ni yóò gbà?"
N kò rí èsì fún un. Èdè ló dá ẹjọ́ yẹn,
Ajàdí kàn kà á síta ni.

Mo ṣa ọ̀rọ̀ mìíràn jọ:
gbójú lé, ó ṣe tán, ó lójú;
gbára lé, ó lára, ara tó ń ru pákí bọ̀ láti òdìkejì odò Ọbà;
gbọ́kàn lé, ta ló wá mọ ti ọkàn?
Mo ní ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan nínú wọn bi í.
Wọ́n ní kì í ṣe ohun tó wà nínú fọ́ọ̀mù nìyẹn.

Ibẹ̀ la wà tí Àrìnpé fi gbé imú sókè.
Ó dìde. Kò tọrọ àyè. Mo fà á láṣọ, ó já a gbà.
Oòrùn ń ràn lóde, ojú ọ̀run mọ́ bí abọ́ tánganran,
láfún ìyàwó pásítọ̀ wà lórí àpáta, ó funfun débi pé ó ń fọ́ni lójú.
Ó kúnlẹ̀, ó ń fi apá méjèèjì gbá a jọ sínú bàsíà.
Ajàdí yọjú lójú fèrèsé:
"Ẹ ò rí i? Ó sá fún ọ̀rọ̀."

Kò pẹ́ tó kí ìkòkò kékeré hó.
Afẹ́fẹ́ yí padà. Ẹ̀kán omi kan, tó tóbi, já lu páànù.
Òmíràn.
Lẹ́yìn náà, òjò dà bí ẹni tari àgbá ṣubú.

Àṣé lédè wa, etí nìkan kọ́ ló ń gbọ́.
Imú ń gbọ́. A máa ń ní mo gbọ́ òórùn ọbẹ̀,
mo gbọ́ òórùn ilẹ̀ tí òjò ń bọ̀ wá bá.
Díákónì mẹ́fà, etí méjìlá, àti tèmi méjì,
a jókòó sínú oòrùn, a ò gbọ́ òórùn.
Adití ilé wa ló gbọ́,
ó sì fi orúnkún rẹ̀ lélẹ̀ lé e lórí.

Ajàdí kò pa ohun tó kọ rẹ́. Ó kàn pa ìwé dé.
Ó di ọdún kejì kí wọ́n tó rì í bọmi; ìtàn ọ̀tọ̀ nìyẹn.

Mo ti dàgbà báyìí. Mo ti wí "mo gbàgbọ́"
títí tó fi ń yọ̀ lẹ́nu mi bí òkúta inú odò.
Gbígbọ́, mo gbọ́. Ìyẹn dá mi lójú.
Ìdajì tó kù ni mo ń wá.

Lọ́jọ́ yẹn ó wọlé, aṣọ rẹ̀ rin gbingbin, bàsíà lórí.
Láfún náà gbẹ. Ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan,
ó dà á sí àtẹ́lẹwọ́ mi,
ó ká ìka mi lé e lọ́kọ̀ọ̀kan,
ó sì wò mí lójú, bí ẹni tó ń retí
pé ó yẹ kí n ti gbọ́.