Méje Lọ́nà Mẹ́jọ

Olúpìtàn, ìwọ ni mò ń bá wí.
Abẹ́ igi kajú kejì sí kànga ni mo dúró sí
lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ onílàǹtánì wá polongo ní Ìsánlú,
lórí pápá ilé ẹ̀kọ́ wa.
Ẹ fi òòlù fọ́ àgádágodo kan,
ẹ kó àga àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin síta fún àwọn èèyàn ńlá.
Ọ̀kan ṣẹ́ mọ́ alága yín nídìí.
A rẹ́rìn-ín díẹ̀.

O gun orí pẹpẹ, o ní, "Ọ̀kun o!"
Gbogbo wa dáhùn. Ta ni kò ní dáhùn ìkíni ilé rẹ̀?
O sọ ti títì tó ti di kòtò láti Mọ̀pá,
o sọ ti ajílẹ̀ fún oníṣu,
o sọ ti àwọn ajínigbé inú igbó, ohùn rẹ gbọ̀n, mo gbà ọ́ gbọ́.
Ṣọ́ọ̀kì wà lọ́wọ́ mi.
Mo ti pinnu pé bí o bá pe "ilé ẹ̀kọ́" lẹ́ẹ̀kan,
n ó fa ìlà kan sí àtẹ́lẹwọ́.
Ìlà kan ṣoṣo ni mo fà,
nígbà tí o ní kí àwọn tó gbé mọ́tò wá
lọ páàkì sẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́.

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, ẹgbẹ́ oníkọ́kọ́rọ́ ti dé.
Ìrẹsì tiwọn ju tiyín lọ.
Wọ́n rí àgádágodo lẹ́nu ọ̀nà gbogbo,
wọ́n rí bébà tí a lẹ̀ mọ́ ògiri: A TI DÁṢẸ́ SÍLẸ̀.
Wọ́n lẹ fọ́tò olùdíje wọn bò ó.

Ẹ̀ ń bú ara yín lórí rédíò láti òwúrọ̀ dalẹ́.
Lórí ọ̀rọ̀ tíṣà nìkan ni ẹnu yín ti kò,
bí ọmọ ìyá méjì tó jọ jí ẹran jẹ nínú ìkòkò.

Jọláyẹmí tó kọ́ ọ ní A, B, D,
ọ̀kadà ló ń gùn báyìí, Ìsánlú sí Ẹ̀gbẹ̀.
Àwọn ọmọ tó kọ́ ló ń gbé:
"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba ìdajì."
Ó ń gbà á. Ìdajì ti mọ́ ọn lára.

Ṣé o rántí? Kíláàsì kẹta, ìgbà ọyẹ́,
ètè rẹ ti là, orúnkún rẹ funfun bí ẹfun.
Mo bi ọ́ pé, "Méje lọ́nà mẹ́jọ?"
O dákẹ́. O wo òrùlé.
Àwọn yòókù ń nawọ́, "Èmi, Mà! Èmi, Mà!"
Mo ní kí wọ́n fún ọ láyè.
N kò nà ọ́. Mo fara ti tábìlì,
mo dúró dè ọ́ títí agogo fi lù.

Ìṣirò náà ló tún padà wá o, Pìtàn.
Nínú náírà mẹ́wàá owó oṣù mi, méje kì í dé.
Oṣù mẹ́jọ rèé.
N kò ní kí o ṣèlérí. N kò ní kí o bá mi sunkún.

Wọ́n ní ta ló ní ìbéèrè.
Mo nawọ́ bí ọmọdé, ẹfun ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ mi.
Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní, "Màmá, ẹ má bínú, ọ̀gá ń kánjú."
Ṣùgbọ́n o rí mi. O mọ̀ mí.
O wo òrùlé,
òrùlé tí ìjì ti ká apá kan rẹ̀ lọ láti ọdún èṣí.

Ọkọ̀ yín gbéra, eruku pupa bo àga.
Mo kó wọn wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, tòun ti èyí tó ṣẹ́.
Mo fara ti tábìlì.
Agogo kò tíì lù.