Kíláàsì Ọjọ́ Àbámẹ́tà ní Bytom

Láti ibi iṣẹ́ alẹ́ ni mo ti ń bọ̀ tààrà,
bàtà nọ́ọ̀sì ṣì wà lẹ́sẹ̀ mi,
lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ jókòó ti Ginter.
Ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́ ni, ògiri rẹ̀ ṣì dúdú
fún èéfín èédú ọgọ́rùn-ún ọdún.
Àwa mẹ́rìndínlógún la forúkọ sílẹ̀:
awakọ̀ tíráàmù kan, ìyá kan tó ń ta òdòdó,
olùkọ́ eré ìdárayá tí orúnkún rẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀,
èmi,
àti ọkùnrin yìí tó fi ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n wa èédú
kí wọ́n tó fi kọnkéré dé ẹnu kòtò náà
bí ẹni dé ìkòkò.

Ìka rẹ̀ tóbi. Bó bá tẹ bọ́tìnnì kan, mẹ́ta ló ń dáhùn.
Á bú kọ̀ǹpútà ní èdè Síléṣíà, wúyẹ́wúyẹ́,
lẹ́yìn náà á tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀.
Kalina tó ń kọ́ wa, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún,
kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ rọra. Kì í ṣe àpáta."
Wọ́n ní bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba;
ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá péré ni ìjọba sanwó rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta mo sọ fún ọkọ mi pé n kò lọ mọ́,
pé orí mi ti kún, pé ohun tí mo kọ́ láàárọ̀
kì í bá mi dé ìdí ọkọ̀.
Kò dá mi lóhùn. Ó gbé kọfí kaná.
Mo lọ.

Ọjọ́ yẹn ni Kalina sọ pé kòkòrò ni wọ́n ń pe àṣìṣe inú kóòdù,
tí ìlà pupa kan sì yọ lójú kọ̀ǹpútà Ginter.
Ó tẹjú mọ́ ọn. Ó ní:
"Lábẹ́ ilẹ̀, kí òrùlé tó wó, igi tó gbé e ró a kọ́kọ́ dún.
A óò dákẹ́, a óò gbọ́ ohun tó ń wí.
Eléyìí náà ń dún."
Láti ìgbà náà, ó ń ka àṣìṣe rẹ̀ sókè,
díẹ̀díẹ̀, bí lẹ́tà tó ti òkèèrè dé.
Ká tó mọ̀, àwa náà ti ń pè é wá wo tiwa.

Iṣẹ́ àṣekágbá: kí kálukú ṣe ohun kan tirẹ̀.
Mo ṣe ìwé ètò iṣẹ́ alẹ́ tí ọ̀gá mi kò ní lò láéláé.
Ginter kó orúkọ àwọn méjìlá tí wọ́n jọ ń sọ̀ kalẹ̀
nínú àgò irin kan náà, àárọ̀ àárọ̀;
ó ní kí ẹ̀rọ máa sọ ẹni tó ń ṣọjọ́ ìbí
àti nọ́ńbà tí òun yóò pè.
Ó tẹ̀ ẹ́. Òfo.
Wákàtí méjì ló fi wá a kiri:
òdo ló tẹ̀ síbi tó yẹ kó tẹ lẹ́tà O.
Ó tún un tẹ̀.
Orúkọ wá ń yọ, funfun nínú òkùnkùn,
bí iná orí àṣíborí
tí ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn.

*Erwin pé ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta lónìí. Pè é.*

Erwin ti kú láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.
Kalina fara balẹ̀ ṣàlàyé: ẹ fi òpó kan kún un,
bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀rọ á sì máa fò ó.
Ginter mi orí. "Fi í sílẹ̀.
Ìyàwó rẹ̀ ṣì ń gbé nọ́ńbà yẹn."

Lẹ́tà mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti fi wáṣẹ́; méjì ló fèsì.
Èmi náà, iṣẹ́ alẹ́ ni mo ṣì wà.

Ó bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Láti ara gíláàsì ìlẹ̀kùn
a rí ẹ̀yìn rẹ̀, ọwọ́ tó ń jù bó ti ń sọ̀rọ̀.
Kalina ní ká ṣí ojú ewé kejìlélógójì.
Kò sẹ́ni tó ṣí i.