Àmì Àyọlò

Ní Ìrójò, n'Íléṣà, lẹ́bàá fèrèsé tí òjò ń ta sí,
mo ṣí ìwé gbèsè Bàbá Ògúnlùsì.
Imí aáyán ti lẹ ojú ewé mọ́ra wọn,
mo fi abẹ là wọ́n.
Morádéun, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ń kà á sí mi létí:
"Ìyá Àjàdí, Òmù-Àrán, aṣọ òkè kan. Ó ku
náírà márùndínláàádọ́ta, kọ́bọ̀ mẹ́wàá."

Márùn-ún kúrò nínú àádọ́ta,
àádọ́ta náà, ẹ̀wá ló yọ lára ọgọ́ta:
báyìí la ṣe ń ka owó nílé wa,
a ó gun òkè kọjá, a ó wá rọra sọ̀ kalẹ̀.
Mo tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà: 45.10
Páítọ́ọ̀nù dá a padà fún mi: 45.1
Òdo ti lọ.
Ẹ̀gbọ́n tẹjú mọ́ ọn. "Kọ́bọ̀ kan ṣoṣo?
Ta ló jí mẹ́sàn-án?"

Mo ní kò sólè. Mo ní kí ẹ̀rọ tú inú rẹ̀ síta,
kó má fi nǹkankan pamọ́:
45.10000000000000142
àti àwọn mìíràn tí n kò kà tán.
Òdo mẹ́tàlá tò lẹ́yìn oókan
bí ọmọ iléèwé nídìí ẹ̀rọ omi,
lẹ́yìn wọn, gbèsè tí ẹnikẹ́ni kò jẹ.
Eéjì-eéjì ni ẹ̀rọ fi ń pín nǹkan;
ìdá kan nínú mẹ́wàá kò pín tán lọ́wọ́ rẹ̀ láé,
ó mú èyí tó súnmọ́ ọn, ó dákẹ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.
"Òṣómàáàló ni bàbá wa.
A máa lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí ilẹ̀ á fi ṣú,
àmọ́ kì í gba èlé tí ẹnu ò lè pè.
Kọ ohun tí mo sọ. Ta ló ní kí o ṣírò?"

Mo fi àmì àyọlò sí òsì, mo fi sí ọ̀tún,
Decimal('45.10')
bí ìgbà téèyàn ń kọ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn sílẹ̀;
ẹ̀rọ ò fọwọ́ kàn án mọ́.
Ẹẹ́rin. Aárùn-ún. Oókan.
Òdo jókòó sáyè rẹ̀.

"Ó wá san án, àbí kò san án?"
Mo ṣí ewé kejì. Ikán ti jẹ ẹ́ dé ìdí òwú.
Mo tẹ àmì méjì, n kò fi nǹkankan sáàárín:
''
Ẹ̀gbọ́n ní kí n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀,
kí n wá lọ gbé garawa sábẹ́ ibi tó ń jò.