Ìrọ̀rí Bàbá Bíọ̀

Nígbà tí rélùwéè ṣì ń kọjá ní Ṣábẹ̀ẹ́,
òórùn bàbá mi ló máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé:
epo ọkọ̀ ojú irin, eruku, òógùn ọjọ́ mẹ́ta,
tábà díẹ̀, àti ọṣẹ tí kò borí wọn.
A ó sáré, a ó ti imú bọ àyà rẹ̀.
Ìyá mi á ní, "Ẹ jẹ́ kó wẹ̀ ná!"
Ta ló gbọ́?

Ó ti di ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin.
Epo ti tán lára rẹ̀, òógùn pàápàá ń tán lọ.
Òórùn mìíràn ló gba yàrá rẹ̀,
bí inú akèrègbè tó pẹ́ lórí àjà,
bí koríko òrùlé tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn,
bí ìwé ìrìbọmi nísàlẹ̀ àpótí.
Kò rùn o. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: kò rùn.
Òórùn ọjọ́ orí ló ní.

Ọmọ mi Ẹstẹ́lì, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá,
tẹ́nìkan kò tíì sọ fún pé abíyá òun náà ti ń sọ̀rọ̀,
sún àga rẹ̀ sẹ́yìn lọ́jọ́ Àìkú, níbi oúnjẹ.
Díẹ̀ ni. Ìwọ̀n ìka mẹ́rin.
Bàbá rí i. Ó gbójú sókè,
ó wo àwọn òkè Ṣábẹ̀ẹ́ tó dúró bí ọmú lẹ́yìn ilé wa,
kò sọ nǹkan kan.
Lọ́jọ́ kejì, ó ti da lọ́fínńdà ọkọ mi sára,
ìdajì ìgò!
Àwọn adìyẹ pàápàá yà fún un lọ́nà.

Mo pe ọmọ náà sí ẹ̀yìn ilé. N kò nà án.
Mo fún un ní kànìnkàn, ọṣẹ dúdú, òkúta álọ́ọ̀mù.
Mo ní, "Gbé apá rẹ sókè. Gbóòórùn ara rẹ."
Ó gbóòórùn. Ojú rẹ̀ yí padà.
"Màmá, ta nìyí?"
"Ìwọ ni. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Kí i káàbọ̀."
Mo sọ fún un pé nígbà tí a bí i,
òórùn òrí àti wàrà ló ní,
gbogbo àdúgbò ń du gbígbé e;
pé ara a máa pààrọ̀ òórùn bí ejò ṣe ń bọ́ awọ.

Àwa méjèèjì jọ wọ yàrá bàbá.
Fèrèsé tó ti wà ní títì látọdún tí ìyá mi kú,
a fi òòlù ṣí i.
A bọ́ aṣọ ìrọ̀rí, ó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀.
A sá tìmùtìmù sórí àpáta kí oòrùn jẹ ẹ́.
Ẹstẹ́lì ló po omi lílọ́wọ́ọ́rọ́,
ló fọ ẹ̀yìn etí rẹ̀, ló fọ ọrùn,
àti àárín èjìká tí ọwọ́ arúgbó kò tó mọ́.
Mo ní, "Ẹ̀yìn etí ni òórùn àgbà máa ń sá pamọ́ sí."
Bàbá rẹ́rìn-ín: "Níbi tójú mi ò tó! Ọlọ́gbọ́n ni."
Ẹ̀wù òní, kò gbọdọ̀ rí ọ̀la.
Omi, kó máa mu ún kí òùngbẹ tó pè é.
Lọ́fínńdà, ẹ̀kán kan péré, nítorí àwọn adìyẹ.

Kò lọ tán. Kì í lọ tán.
Ó kàn rọlẹ̀, bí ẹni tí a bẹ̀ pé kó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

Lóru ọjọ́ náà mo ta jí, òógùn bò mí,
èmi ẹni àádọ́ta ọdún,
ooru tí kò ti inú yàrá wá, inú egungun ló ti wá.
Mo yí ìrọ̀rí mi dà.
Òórùn kan wà níbẹ̀ tí n kò mọ̀ rí,
ó kan díẹ̀, bí omi ògì ọjọ́ kejì.
Mo jókòó nínú òkùnkùn, mo rẹ́rìn-ín,
ẹ̀rù sì bà mí.
Mo ní, "Ìwọ náà, káàbọ̀."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, mo bá Ẹstẹ́lì lórí àpáta,
ìrọ̀rí bàbá àgbà lọ́wọ́ rẹ̀, imú rẹ̀ nínú ìrọ̀rí.
Ó pẹ́ níbẹ̀.
"Oòrùn ni," ó ní. "Àti... kí ni èyí tó ṣẹ́ kù yìí?"
Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.
Epo díẹ̀. Mo búra fún yín,
epo díẹ̀.